Orúkọ Ọmọ Mi Ni Mo Fi Ra Ọ̀sẹ̀ Kan Létí Òkun

Ẹ̀yin tí ẹ ó ka ọ̀rọ̀ mi yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Ọmọ mi ń bọ̀ láàárọ̀ ọ̀la. Ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún mi ni, Rọ́lìátù lorúkọ rẹ̀, Rọ́lì ni a ń pè é. Ó fẹ́ wá gba ìwé kan lọ́wọ́ mi, ìwé tí yóò fi han báńkì pé gbèsè tó wà lórúkọ òun ti tán láti ọjọ́ pípẹ́. Mo ti sọ fún un pé ìwé náà wà lọ́wọ́ mi, pé n óò wá a. Irọ́ ni. Kò sí ìwé kankan, nítorí gbèsè náà kò tán. Èmi tí mo bí i ni mo gbé e kọ́ ọ lọ́rùn, èmi náà ni mo sì wo ojú rẹ̀ tí mo ní mo ti san án. Mo ti se tíì, ó ti tutù, mo tún gbé e kaná, ó tún ti tutù, n kò lè gbé e mì. Ta ni kí n sọ ọ́ fún? Bàbá rẹ̀ ti kú. Bí mo bá sì sọ ọ́ láàárín àwọn obìnrin ẹgbẹ́ àsàlátù wa, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, gbogbo Barking, àdúgbò wa ní Lọ́ńdọ̀nù, ni yóò ti gbọ́. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ mí ni mo kúkú wá bá.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé yín, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí ọkọ mi jẹ́. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, bọ́ọ̀sì ló ń wà ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kì í bá ẹnikẹ́ni ṣeré lórí rẹ̀, ohun náà ni èlé. Ọlọ́run kọ èlé, ó sì parí lójú tirẹ̀. Ó máa ń sọ pé, "Owó kì í lóyún. Owó tí ẹ bá rí tó bímọ, ẹ bi í pé ta ni bàbá ọmọ." Nítorí èyí, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi owó báńkì ra ilé ní Dagenham, ilé rẹ́ǹtì ni àwa wà ní Upney, ibẹ̀ náà ni mo sì wà títí di òní. Wọ́n a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tilẹ̀ bi í nínú pálọ̀ wa pé, "Bàbá Rọ́lì, ṣé láti ilé onílé lẹ ti fẹ́ wọ àlùjánnà ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Kò burú, màá san rẹ́ǹtì dé ẹnu géètì." Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí àìsàn fi mú un lọ, nígbà tí Rọ́lì ṣì wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Mùsùlùmí mọ̀ pé kí wọ́n tó kírun sí òkú lára, wọ́n á béèrè lọ́wọ́ èrò bóyá ẹnì kan wà tí olóògbé jẹ lówó, kí ó jáde, kí àwọn ẹbí gba gbèsè náà sọ́rùn. Nígbà tí àfáà béèrè ti ọkọ mi, èrò ń wo ara wọn lójú. Kò sí ẹni tó jáde. Nínú ẹkún tí mò ń sun lọ́jọ́ náà, mo yangàn. Mo di ọwọ́ Rọ́lì mú, mo ní, "Ṣé o gbọ́? Bàbá rẹ kò jẹ ẹnikẹ́ni." N kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn ni yóò padà wá máa lé mi kiri inú ilé.

Ilé ìdáná ilé ìwé kan lágbègbè Rippleside ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mò ń bu oúnjẹ sí àwo àwọn ọmọdé. Bí wọ́n bá wọlé lẹ́yìn ìsinmi ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí wọ́n tò síwájú mi, ọ̀rọ̀ òkun ni wọ́n máa ń sọ: iyanrìn, ọkọ̀ òfúrufú, omi tó ní iyọ̀. Ọmọ tèmi kò rí ibì kankan lọ, ọwọ́ mi kò tó o. Lọ́dún tí bàbá rẹ̀ kú, wọ́n ní kí wọ́n kọ àròkọ nípa ìsinmi wọn ní ilé ìwé rẹ̀. Tíṣà rẹ̀ ránṣẹ́ pè mí kí n wá wo bí tirẹ̀ ti dára tó. Ó kọ ọ́ pé èmi àti òun àti bàbá òun lọ sí Spéènì, pé bàbá òun gbé òun sí èjìká wọ inú òkun. Ibo la lọ? Ibi adágún inú Barking Park ni mo mú un lọ, mo sì ra áísìkiriìmù kan fún un. N kò já a kulẹ̀ lójú tíṣà. Nígbà tí à ń bọ̀ nílé, mo bi í pé, "Rọ́lì, ìgbà wo la lọ sí Spéènì?" Ó ní, "Mọ́mì, mo mọ̀ pé a ò lọ. Mo kàn fẹ́ mọ bó ṣe máa rí lẹ́nu mi ni." Háà! Ẹ̀yin abiyamọ, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ṣinṣin. Ọjọ́ náà ni mo ti jẹ́jẹ̀ẹ́ nínú ọkàn mi pé bó pẹ́ bó yá, ọmọ yìí yóò rí òkun.

Ọdún ń gorí ọdún. Rọ́lì wọ yunifásítì, ó ń kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí, ó sì ń ta bàtà ní ṣọ́ọ̀bù kan nínú Vicarage Field, ilé ìtajà ńlá kan ní Barking, lọ́jọ́ Sátidé. Ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ gan-an ni èmi àti Ìyá Kúdí, ọ̀rẹ́ mi nínú ẹgbẹ́ àsàlátù, dúró sí tí à ń retí kí ó ṣíwọ́, tí ọmọbìnrin kan fún wa ní tíkẹ́ẹ̀tì pélébé kọ̀ọ̀kan pé kí a fi èékánná ha á wò. Ìyá Kúdí ha tirẹ̀. Wọ́n ní ó ti jẹ ẹ̀bùn oúnjẹ ọ̀sán fún èèyàn méjì ní hòtẹ́ẹ̀lì ńlá kan lẹ́bàá odò Thames, pẹ̀lú ìkòkò ìdáná tuntun. Ó kọjú sí mi, ó ní, "Ìwọ tó o máa ń bu oúnjẹ fún ọmọ ọlọ́mọ látàárọ̀, jẹ́ kí wọ́n bu fún ìwọ náà lọ́jọ́ kan." A lọ. A jẹ ẹja, a mu omi ọsàn. Lẹ́yìn oúnjẹ ni wọ́n pín wa sí tábìlì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán òkun hàn wá. Òyìnbó tó jókòó ti Ìyá Kúdí sọ̀rọ̀ títí ẹnu rẹ̀ fi gbẹ. Ìyá Kúdí kàn ń mi orí, ó ní, "Ó dáa gan-an o, àmọ́ ọkọ mi ló ni ọ̀rọ̀ nílé wa. Àfi kí n bi í." Ọkọ rẹ̀ rèé, tí kò tó ẹni tó ń yan irú ọbẹ̀ tí òun fẹ́ jẹ! Ó gba ìkòkò rẹ̀, ó lọ dúró dè mí níta. Èmi opó, ọkọ wo ni n óò fi bojú?

Bóyá wọn kì bá tí rí mi mú bí ó bá ṣe pé òyìnbó ni wọ́n fi jókòó tì mí. Ọmọ Yorùbá ni. Bó ṣe gbọ́ orúkọ mi ló dìde, ó tú bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì láàárín gbogbo òyìnbó yẹn. "Ẹ kú ìjókòó o, Mọ́mì. Túndé lorúkọ mi. Ẹ wò ó, ẹ jọ ìyá mi bí ìmumu." Inú mi yọ́ bí òrí inú oòrùn. Ó ṣàlàyé pé táímúṣíà ni wọ́n ń pe ohun tí àwọn ń tà: ilé ìsinmi kan létí òkun ní Spéènì, ọ̀pọ̀ èèyàn ni yóò jọ ni ín, olúkúlùkù yóò sì ní ọ̀sẹ̀ tirẹ̀ níbẹ̀ lọ́dọọdún, títí láé. Mo ní, "A jẹ́ pé bí èésú ni?" Ó pàtẹ́wọ́. "Mọ́mì, ẹ ti mọ̀ ọ́n! Bí èésú ni. Tó bá kàn yín, ẹ kó tiyín." Ẹ̀yin èèyàn mi, ibẹ̀ ni mo ti ṣìnà. Láti kékeré ni mo ti ń dá èésú, mo dá a l'Ékòó, mo dá a ní Barking, n kò sì rí ẹni tó jẹ mí run rí. Nínú èésú, ohun tí o dá ni o ń kó. Ohun tí mo wọ̀ yìí, dídá ni mò ń dá, kò sí kíkó, n kò sì rí ọ̀nà àbájáde. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó gbé mi ṣubú pátápátá ni èyí tó sọ kẹ́yìn. Ó ní, "Tí Ọlọ́run bá sì pè yín ní ọjọ́ alẹ́, ogún ló jẹ́ fún ọmọ yín." Ogún! Èmi tí bàbá ọmọ mi kò fi búlọ́ọ̀kù kan sílẹ̀, èmi náà lè fi ilé létí òkun sílẹ̀ fún Rọ́lì? Kò sọ fún mi pé owó ìtọ́jú ilé náà tí wọn yóò máa gbà lọ́dọọdún, ogún ni òun náà.

Mo ní n kò lówó. Ó ní ta ló ń béèrè owó? Ó ní kírẹ́díìtì káàdì wà, pé àwọn kan wà tí wọn kì í gba èlé rárá títí ọdún kan àti ààbọ̀, pé kí n tó mọ̀, n óò ti san án tán díẹ̀díẹ̀, àmọ́ ẹ̀dínwó tí wọ́n ṣe fún mi kò ní kọjá ọ̀sẹ̀ yẹn. Mo ní, "Túndé, ẹ̀sìn mi kò gba èlé." Ó gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó fẹ́ búra. "Mọ́mì, òdo ni èlé ẹ̀. Òdo! Ẹ wò ó níbí." Lóòótọ́, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Mo wo òdo náà, ó rí roboto, ó mọ́ nigín, n kò rí ẹ̀ṣẹ̀ kankan nínú rẹ̀. Mo sọ lọ́kàn mi pé bóyá Ọlọ́run ló ṣí ọ̀nà tí ọkọ mi kò rí. Síbẹ̀ ara kò rọ̀ mí. Lẹ́yìn àsàlátù ọjọ́ Àìkú, mo lọ bá àfáà wa, mo bi í bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ni kí èèyàn yá owó tí kò ní èlé. Ó ní rárá, bó bá ti lè san án, oore ni ẹni tó yá a ní owó ṣe fún un. Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́, mo sì yára kúrò níbẹ̀ kí ó má bàá bi mí ní nǹkan mìíràn. N kò sọ fún un pé báńkì ni. N kò sọ fún un pé bí ọjọ́ bá pé tí owó kò tíì tán, èlé ń bẹ lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó ń retí mi. Ìdajì ìbéèrè ni mo bi í, ìdajì ìdáhùn náà ni mo gbé lọ sílé. Ṣé àfáà ló tàn mí ni? Ṣé Túndé nìkan ni?

Káàdì tí wọ́n fún èmi fúnra mi kò ká owó náà. Ìgbà yẹn ni mo pe Rọ́lì. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ibi iṣẹ́, ó jókòó sórí ibùsùn mi, ó ń fi ọwọ́ ra àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tó fi dúró látàárọ̀. Mo ní kí ó gba káàdì kan fún mi lórúkọ ara rẹ̀.

"Mọ́mì, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Ohun ayọ̀ ni. Tó bá yá, wàá rí i."

"Ṣé mo máa san nǹkan kan?"

"Kọ́bọ̀ ò ní jáde lápò ẹ. Orúkọ ẹ lásán ni mo fẹ́ yá."

"Ṣé ó séèfù sha?"

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé èmi ni màá tì ọ́ sí kòtò?"

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó na fóònù rẹ̀ sí mi. "Oyá, ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́, kí n lọ wẹ̀. Òórùn bàtà àwọn ará Barking ti wà lára mi."

Orúkọ lásán! Èmi tí wọ́n fi òwe tọ́ dàgbà, tí mo mọ̀ pé orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ, ẹnu mi ni mo fi pe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ní ohun lásán. Níbi tí wọ́n ti béèrè nọ́ńbà fóònù, tèmi ni mo fi síbẹ̀. Mo ní kí wọ́n má bàá máa yọ ọmọ mi lẹ́nu. Bí mo ṣe dí i lójú nìyẹn, tí kò fi rí nǹkan kan títí ọ̀rọ̀ fi bàjẹ́.

A lọ sí etí òkun náà lóòótọ́. N kò ní purọ́ fún yín, ó dùn. Wọ́n fún wa ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n ní ẹ̀bùn ìkíni káàbọ̀ ni. Yàrá náà mọ́, ó ní ilé ìdáná kékeré, mo din dòdò níbẹ̀, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Rọ́lì ká sòkòtò rẹ̀ sókè, ó rìn lọ sí etí omi, ó bẹ̀rẹ̀, ó ti ìka bọ inú òkun, ó sì fi ahọ́n lá a. Ó yíjú sí mi. "Mọ́mì, iyọ̀ ni lóòótọ́ o!" Ó ń rẹ́rìn-ín, omijé sì ń dà lójú rẹ̀. Ó ní, "Dádì ì bá ti gbé mi sí èjìká." Mo dì mọ́ ọn, omi ń gbá wa lẹ́sẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí n ka ọjọ́ tí inú mi dùn jù láyé, n óò ka ọjọ́ yẹn mọ́ ọn. Ìyẹn ló tilẹ̀ ń dùn mí jù. Bí ilé náà bá jẹ́ ẹ̀tàn látòkè délẹ̀, ì bá rọrùn fún mi láti kórìíra rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan yẹn náà ni. Ọ̀sẹ̀ tó jẹ́ tiwa gan-an bọ́ sí ìgbà òtútù, nígbà tí ilé ìwé wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó ń bu oúnjẹ fún ọmọ ilé ìwé kò lè fi wọ́n sílẹ̀ lébi lọ sí etí òkun. Wọ́n ní bí mo bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ sí àsìkò ìsinmi, kí n fi owó lé e. Owó ìtọ́jú ilé sì ń gòkè lọ́dọọdún, bóyá mo lọ, bóyá n kò lọ. Mo pe Túndé, nọ́ńbà rẹ̀ kò wọlé mọ́. Mo fẹ́ tà á, kò sẹ́ni tó fẹ́ rà á. Ẹnì kan tó ní òun yóò bá mi tà á gba owó ìwé lọ́wọ́ mi, ó sì bá a sá lọ. Ní ti àwọn káàdì tèmi, bí àsìkò àìsí èlé ọ̀kan bá ti fẹ́ pé, mo máa ń gbé gbèsè inú rẹ̀ lọ sínú òmíràn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé ọgbọ́n ni. Àmọ́ owó díẹ̀ ni wọ́n ń yọ ní gbogbo ìgbà tí mo bá gbé e. Bí ẹni tó ń da omi láti inú igbá dé igbá ni mo rí. Bí a ti ń dà á, bẹ́ẹ̀ ló ń ta sílẹ̀, òùngbẹ kò sì kúrò lọ́nà ọ̀fun. Nígbà tó yá, kò sí báńkì tó fún mi ní igbá tuntun mọ́. Lọ́dún kan, nínú ààwẹ̀ Ràmàdáánì, èmi tí mò ń dìde kírun òru, tí mò ń tọrọ àforíjì, mo gbàgbé ọjọ́ tí mo gbọ́dọ̀ san owó lórí káàdì Rọ́lì. Ọjọ́ náà kọjá. Òdo roboto yẹn pòórá nígbà tó kù díẹ̀ kí àsìkò rẹ̀ pé, èlé sì jókòó sí àyè rẹ̀. Owó tí ọkọ mi ní kì í lóyún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bí ìbejì.

Lọ́jọ́ tí Rọ́lì gba aṣọ iṣẹ́ agbẹ̀bí rẹ̀, ó wọ̀ ọ́ wá kí mi nílé. Ó ń yí bírí níwájú dígí, ó wá bi mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé, "Mọ́mì, káàdì ọjọ́sí yẹn ńkọ́?" Mo wo aṣọ yẹn lára rẹ̀. N kò lè ba ayọ̀ rẹ̀ jẹ́. Mo ní, "Mo ti san án tán, ó ti pẹ́." Ó ní, "Ẹ ṣé, Mọ́mì mi," ó tún yí bírí. Èrò mi ni pé n óò ti san án lóòótọ́ kí ó tó tún béèrè. Ta ni kò tíì pa irú irọ́ yẹn? Irọ́ tí èèyàn rò pé òun lè sọ di òótọ́ bó bá yá. Kò pẹ́ sí i, ilé ìwé dín wákàtí iṣẹ́ wa kù. Ọ̀rọ̀ di kí n san rẹ́ǹtì tàbí kí n san káàdì. Mo san rẹ́ǹtì. Àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì ń wọlé sórí fóònù mi lórúkọ Rọ́lì, mò ń pa á rẹ́.

Wàsíù lorúkọ ọmọkùnrin tí Rọ́lì fẹ́ fẹ́. Ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ni, kì í jókòó níwájú mi láìgba àyè. Wọ́n ti ń tọ́jú owó pọ̀ kí wọ́n lè ra fúláàtì kan kí wọ́n tó so yìgì, wọ́n sì ní àwọn kò ní gba owó elélé. Wọ́n rí irú báńkì tó máa ń bá Mùsùlùmí ra ilé pọ̀ láìsí èlé. Rọ́lì ní, "Bí Dádì ṣe máa fẹ́ ẹ." Wọ́n mú mi lọ wo ilé náà, kò jìnnà sí Ripple Road. Yàrá kékeré kan wà lẹ́yìn pálọ̀, fèrèsé kan ló ní. Rọ́lì wọ ibẹ̀, ó gbé fóònù rẹ̀ jáde, ó fi wá ibi tí Mẹ́kà wà, ó sì na ọwọ́ sí igun kan. "Mọ́mì, ibí lẹ ó máa kọjú sí tẹ́ ẹ bá ń kírun. Ẹ̀yin lẹ ni yàrá yìí. Ẹ ti san rẹ́ǹtì tó." Mo wo igun náà. Mo fẹ́ sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, mo ṣàdúrà fún wọn, a sì jáde.

Báńkì kọ̀ wọ́n. Rọ́lì pè mí láti ibi iṣẹ́. "Mọ́mì, wọ́n ní orúkọ mi ò dáa." Ó ní gbèsè káàdì ìjọsí ni wọ́n rí, tí wọ́n ní a kò san, pé báńkì ṣe àṣìṣe, nítorí ìyá òun ti san án. Ìyá Wàsíù, Alhaja, kò fi ọ̀rọ̀ náà mọ sínú. Ó pè mí. Ó ní, "Ìyá Rọ́lì, ẹ má bínú o, ẹ bá mi bi ọmọ yín léèrè ohun tó rà tí kò lè san. Ṣé wúrà ni? Ṣé ọkọ̀ ni? Èmi ò fẹ́ kí ọmọ mi máa gbọn omi sínú agbọ̀n. Ẹ jẹ́ kí yìgì yẹn dúró ná títí a ó fi mọ ẹni tí à ń gbé wọlé." Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ní, "Ẹ má bínú, Alhaja, màá bá a sọ̀rọ̀." Màá bá a sọ̀rọ̀! Wọ́n ń bú ọmọ mi sí mi létí lórí ẹ̀ṣẹ̀ tí èmi ṣẹ̀, mo sì ń bá a tọrọ àforíjì. Àdìẹ tiẹ̀ máa ń na ìyẹ́ bo ọmọ rẹ̀ bí àwòdì bá dé. Èmi fi ọmọ mi bojú fún àwòdì.

Lálẹ́ yìí ni Rọ́lì fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan ṣọwọ́ sí mi. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ má dààmú ara yín jù. Mò ń bọ̀ láàárọ̀. Tẹ́ ò bá tiẹ̀ rí ìwé yẹn, màá sọ fún wọn pé ìyá mi kì í purọ́." Ọ̀rọ̀ yìí ló lé oorun kúrò lójú mi. Ì bá sàn kí ó bú mi.

Mo ti ń ronú nípa ọjọ́ tí àwọn náà yóò gbé mi sílẹ̀ bí wọ́n ti gbé bàbá rẹ̀, tí àfáà yóò béèrè pé ta ni obìnrin yìí jẹ lówó. Mo mọ ẹni tí yóò dìde. Rọ́lì ni. Yóò dìde láti gba gbèsè mi sọ́rùn níwájú gbogbo èèyàn, kò sì ní mọ̀ pé òun gan-an ni mo jẹ jù. Rárá. N kò lè dúró de ọjọ́ yẹn. N óò sọ ọ́ fún un lọ́la, bó ti wù kó rí. Lẹ́yìn náà, n óò pe Alhaja, n óò sì sọ fún un pé èmi ni mo rà á, kì í ṣe ọmọ mi. Wọ́n ní ilé ìgbaninímọ̀ràn kan wà ládùúgbò yìí tí kì í gba owó, tí wọ́n máa ń bá irú wa jókòó lórí ọ̀rọ̀ gbèsè. Mo ti ń gba iwájú rẹ̀ kọjá láti ọdún tó kọjá, tí mò ń wo bàtà ara mi. N óò wọ ibẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ wà nílùú òyìnbó, ẹ gbọ́ tèmi. Ohun tí ẹ kò bá lè béèrè rẹ̀ tán lọ́wọ́ àfáà tàbí pásítọ̀ yín, ẹ má rà á. Ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ kí yín kí ó tó tajà fún yín, ẹ kí i padà, kí ẹ sì máa lọ sílé. Orúkọ ọmọ yín kì í ṣe aṣọ tí ẹ lè yá wọ̀ kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ dá a padà.

Ohun tó kù tí mo fẹ́ kí ẹ gbà mí nímọ̀ràn lé lórí kò pọ̀. Báwo ni n óò ṣe bẹ̀rẹ̀? Nílẹ̀ wa, ìyá kì í kúnlẹ̀ fún ọmọ. Wọ́n ní ó lè kó bá ọmọ náà, pé kò ní gbé e. Ṣùgbọ́n n kò mọ ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì dúró sọ nígbà tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí n tó rí i láyé. Bí ó bá wọlé lọ́la, tí ó ní, "Mọ́mì, ìwé dà?", ó dà bí ẹni pé n óò tún kúnlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà jù mí lọ, ẹ dá mi lóhùn kí ilẹ̀ tó mọ́: ṣé mo lè ṣe é?